Ẹnìkan Ṣoṣo ní Ilé Bẹ́ẹ̀dì Méjìlélógójì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kejì

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó kù ní kíláàsì kẹta ti lọ. Ìyá wọn wá kó wọn lánàá — àpótí méjì, fóòmù méjì, korobá kan. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí. Ó ní wọ́n ti ṣí ilé-ìwé tuntun sí ẹ̀yìnkùlé àwọn, kí lòun tún ń sanwó bọ́dìn sí. Òótọ́ ló sọ.

Ó wá ku ọmọ kan. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá, kíláàsì kejì, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ bó bá ń jẹun. Nínú ìwé yìí, màá máa pè é ní Ẹyọ, torí ẹyọ kan ló kù. Bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lójú ọ̀nà kó tó padà. Ìyá rẹ̀ ti kú. Ìdí tó fi wà ní bọ́dìn nìyẹn.

Ọ̀gá ilé-ìwé pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Obìnrin ni, ó máa ń bọ̀wọ̀ fún mi. Ó rọra sọ ọ́: bí ọmọ kan ṣoṣo bá ṣì wà, ilé àwọn ọmọbìnrin á wà ní ṣíṣí, èmi náà á sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ tí ọmọ yẹn bá lọ, wọ́n á tì í pa, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Mátírọ́ọ̀nù, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.”

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń sùn nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé yìí. Mi ò nílé mìíràn.

Mo se ẹ̀wà. Ọwọ́ mi ṣì ń wọn ti èèyàn mẹ́rin. Ó ṣẹ́ kù. A ó jẹ ẹ́ lọ́la, a ó tún jẹ ẹ́ lọ́túnla.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo lu aago ìdìde fún èèyàn kan. Ó ti jí kí n tó lù ú. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń wò mí bí mo ṣe ń lù ú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Nínú ilé yìí a kì í pe orúkọ lálẹ́, nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì là ń pè. Mátírọ́ọ̀nù tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí ìdì kọ́kọ́rọ́ tó máa ń dún nídìí rẹ̀. Ó ní orí òun ò lè gba orúkọ gbogbo wọn. Tèmi náà ò gbà á. Orúkọ máa ń bọ́ lọ́wọ́ mi, nọ́ńbà kì í bọ́. Láti orí kẹsàn-án ni nọ́ńbà wa ti bẹ̀rẹ̀, ó sì parí sí àádọ́ta.

Lálẹ́ yìí mo ṣí ìwé ìpè, ẹnu mi ti sọ “Kẹsàn-án” kí n tó rántí pé kò sẹ́ni níbẹ̀. Mo fẹ́ fò ó lọ sí kọkànlélọ́gbọ̀n, bẹ́ẹ̀dì Ẹyọ. Ohùn ńlá kan dáhùn láti ìsàlẹ̀ yàrá: “Mo wà, mà.”

Mo pe kẹwàá. Ohùn tín-ín-rín: “Mo wà, mà, ṣùgbọ́n inú ń run mí.”

Kọkànlá. “Ó ti lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mà. Ó ti pẹ́ níbẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni Ẹyọ ṣe dáhùn lọ fún gbogbo wọn, onítìjú, aláìgbọràn, ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì lábẹ́ aṣọ. Ìgbà tó kan kọkànlélọ́gbọ̀n, ó dákẹ́. Mo pè é lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá fi ohùn ara rẹ̀ sọ pé: “Ó ti sùn, mà.”

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó. Yàrá yẹn tóbi. Ẹ̀rín mi kan ògiri, ó sì padà wá bá mi ní èmi nìkan.

Ẹtì, ọjọ́ keje

Ó bẹ̀ mí kí òun kó wá sórí kẹsàn-án, tó fara ti ògiri yàrá mi. Mo gbà.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

A fọṣọ. Ọ̀pá ọṣẹ tí mo máa ń gé sí mẹ́ta, mo gé e sí mẹ́fà.

Mo pe àbúrò mi lórí fóònù nígbà tí Ẹyọ ń sá aṣọ sórí okùn. Òun nìkan ni mo ní, ọmú kan náà la mu. Mo bi í pé bí wọ́n bá ti ilé yìí, tí mi ò níbi tí mo lè lọ, ṣé mo lè wá sọ́dọ̀ rẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ó béèrè àlàáfíà mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá ní ìyá ìyàwó òun ló wà nínú yàrá kékeré, àwọn ọmọ òun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń sùn nílẹ̀ pálọ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ̀ pé ká ní ibì kan wà ni...” Kò parí ẹ̀. Mo ní kò sí nǹkan, mo kàn ní kí n béèrè ni. Mo ní kó bá mi kí gbogbo wọn.

Ẹyọ ṣì wà nídìí okùn. Aṣọ kan náà ló ń sá, tó tún ń ká, tó tún ń sá.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Ilé-ìwé yóò pé ọgọ́ta ọdún ní oṣù karùn-ún. Olùkọ́ ìtàn ní kí àwọn kíláàsì kejì kọ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan nípa rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, táì rẹ̀ kì í dé ìdodo — Táì Kúkúrú lèmi ń pè é. Ó ní kí wọ́n bi àgbàlagbà léèrè. Ẹyọ gbé àpótí ìjókòó wá sí kíṣìnì. Mo ní èmi kọ́ ló yẹ kó bi, kíláàsì kẹrin lèmi náà ti dúró. Ó ní, “Ẹ̀yin ni àgbàlagbà tó sún mọ́ mi jù, mà.”

Ó fẹ́ mọ ìdí tí bẹ́ẹ̀dì fi bẹ̀rẹ̀ láti orí kẹsàn-án. Mo sọ ohun tí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ sọ fún mi. Ilé ìkó-símẹ́ńtì ni ilé yìí tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ àkọ́kọ́ sùn sórí ẹní fún odidi táàmù kan, tí wọ́n bá jí, irun wọn á ti funfun. Ilé ìwòsàn kan wá ń kógbá wọlé, wọ́n fi bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ta ilé-ìwé lọ́rẹ, àádọ́ta, tòun ti nọ́ńbà tí wọ́n kùn sí i. Mẹ́jọ àkọ́kọ́ ò dé. Àwọn kan ní ilé ìwòsàn ló fi pamọ́, àwọn kan ní awakọ̀ ló tà á lójú ọ̀nà. Ìkọ́ irin tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ọmọ ń fi aṣọ ìnura kọ́, ìwé aláìsàn ni wọ́n ń fi kọ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń rán ọmọ tuntun níṣẹ́: “Lọ bá mi mú búrọ́ọ̀ṣì mi wá lórí bẹ́ẹ̀dì karùn-ún.” Ọmọ á wá a títí á fi sunkún. Ìgbà yẹn ni wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un, ó ti di ọmọ ilé nìyẹn.

Ẹyọ ní wọ́n rán òun náà, òun wá a títí dé ilé àwọn ọkùnrin. Ó ronú díẹ̀. Ó ní bóyá àwọn mẹ́jọ yẹn ṣì wà lọ́nà, bóyá bàbá òun ló ń wa ọkọ̀ náà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Gílóòbù àárín ti kú. Mi ò ní rà á. Kò sẹ́ni tó ń sùn lábẹ́ rẹ̀.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ó fẹ́ mọ ẹni tó ti sùn sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. A mú àtùpà, a ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì.

Kẹtàdínlógún: ó máa ń ka ìsọdipúpọ̀ lójú oorun. Tó bá dé orí méje lọ́nà mẹ́jọ á ṣì í, ẹnìkan nínú òkùnkùn á sì tún un ṣe.

Kẹrìndínlọ́gbọ̀n: ọdún tí ọmọ ilé yìí ju ọgọ́rin lọ, tí à ń to èèyàn méjì sórí bẹ́ẹ̀dì kan, orí ọ̀kan sí ẹsẹ̀ ìkejì. Àwọn méjì ibẹ̀ ò bára wọn sọ̀rọ̀ fún odidi táàmù nítorí ẹsẹ̀ tó tutù. Nígbà tí àyè wá ṣí, tí mo ya wọ́n, kò sí ẹni tó sùn nínú wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Kẹrìnlélógójì: ó tọ́jú ọmọ ológbò sínú àpótí. Gbogbo ilé ń fi mílíìkì sílẹ̀ nínú tíì wọn fún un. Bí mo bá ń pe nọ́ńbà lálẹ́, tí ológbò bá ké, gbogbo yàrá á húkọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ra oògùn ikọ́ ìgò mẹ́ta kí n tó mọ̀.

Kejìlá: òun ló ṣe ipò kìíní nínú ìdánwò àṣejáde ní gbogbo agbègbè. Ọ̀gá ìgbà náà wá wo bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó tẹ fóòmù wò, bíi pé inú ibẹ̀ lọgbọ́n wà.

Mo sọ bí ọmọ ilé ṣe ń dín kù náà. Wọ́n la títì, bọ́ọ̀sì dé, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilé wá. Wọ́n kọ́kọ́ ti ilé àwọn ọkùnrin, àga tó dá lẹ́sẹ̀ ló kún ibẹ̀ báyìí. Ẹyọ ń kọ ọ́. Ó wá béèrè: “Kọkànlélọ́gbọ̀n ńkọ́, mà?”

Mo wá a lọ́kàn mi títí. Mi ò rántí ẹnì kankan. Mo ní, “Ìwọ.”

Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ọjọ́ àbẹ̀wò. Àwọn ọdún kan, a máa ń yá bẹ́ǹṣì kíláàsì fún àlejò. Lónìí, àga kan ni mo gbé síta.

Àǹtí rẹ̀ ló wá, àbúrò bàbá rẹ̀, aránṣọ tó ń gbé nítòsí. Okùn ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Mátírọ́ọ̀nù, ẹ bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀. Yàrá méjì ni mo ní, èmi àti ọmọbìnrin mi kan péré. Ẹsẹ̀ lásán ló máa fi máa wá síbí láràárọ̀. Bàbá ẹ̀ ti gbà. Ọmọ yìí gan-an ló ń ṣe bí ẹni pé mo ní kó wá kú.”

Ohun tó yẹ kí n sọ wà lẹ́nu mi. Òmíràn ló jáde. Mo ní bọ́dìn dára fún ìwé ọmọ. Mo ní ibi tó bá dákẹ́ lèèyàn ti ń ronú. Mo ní kíkó ọmọ kúrò láàárín ọdún máa ń da ọkàn rẹ̀ rú. Kò sí irọ́ níbẹ̀.

Ó wò mí. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù, mà.”

Mo sìn ín dé géètì. Mo mọ ẹni tí mo torí rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọmọ náà kọ́.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Aago méjì làwọn tó ń ti ilé wá máa ń parí. Ẹyọ máa ń sìn wọ́n dé géètì, á dúró títí kọ́nà á fi gbé wọn mì. Baba Géètì tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní òun ti ń fi bẹ́ǹṣì òun lọ̀ ọ́, kì í jókòó.

Mo ti ibi tí mo ti lọ ra ìṣáná dé, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú yàrá ńlá. Mo rò pé àlejò ni. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹyọ ló wà lórí kẹrìndínlọ́gbọ̀n, ó ń fi ohùn méjì bára rẹ̀ jà nítorí ẹsẹ̀ tó tutù. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ó dìde, ó lọ sórí kẹrìnlélógójì, ó ń fọwọ́ pa nǹkan tí kò sí lórí itan rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ dùbúlẹ̀ sórí kejìlá, ó kọjú sí ìrọ̀rí. Ohùn ara rẹ̀ ni báyìí: “Ìwọ nìkan ni mo máa sọ fún.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wúyẹ́wúyẹ́. Ó pẹ́ lẹ́nu ẹ̀.

Mo padà sí géètì ní jẹ́jẹ́. Mo húkọ́ gidi kí n tó tún wọlé.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Òjò. Òrùlé ń jò sórí ogójì. A ti í sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi pé ẹnìkan wà lórí rẹ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Nọ́ọ̀sì kan wọlé, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo wá orúkọ rẹ̀ títí, ohun tó bọ́ lẹ́nu mi ni “Kọkànlélógún.”

Ó kúnlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè dìde fún ẹ̀rín. “Mátírọ́ọ̀nù, ṣé ẹ ti gbàgbé orúkọ mi ni àbí ẹ ò mọ̀ ọ́n rí?” Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tòun tọmọ. Ó ní ó ti kéré. Ó sọ fún Ẹyọ pé Ìyá Pa-iná ni orúkọ mi láyé àwọn, pé tí aago mẹ́sàn-án bá ti lù, èmi ò wo ẹni tí ẹsẹ̀ kan ṣì wà níta aṣọ àwọ̀sùn. “A máa ń sọ pé tí Mátírọ́ọ̀nù bá máa kú, á kọ́kọ́ pa iná.” Ẹyọ wojú mi bóyá ẹ̀rín ṣeé rín. Mo rín in ṣáájú. 

Nígbà tó ń lọ, ó rọra bi mí pé ibo ni màá lọ tí wọ́n bá ti ilé. Mo ní mo ní àbúrò ọkùnrin. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọkàn àwọn èèyàn tètè máa ń balẹ̀ tí wọ́n bá ti gbọ́ pé èèyàn ní àbúrò.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ọ̀gá pè mí. Lẹ́tà ti dé láti òkè pé bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ sọnù lọ́dọ̀ wa, kìíní títí dé ìkẹjọ, kí a ṣàlàyé. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó wá bi mí bóyá ọmọ náà á ṣì wà ní táàmù tó ń bọ̀. Mo ní á wà. Mo yára sọ ọ́ jù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ẹyọ ka ojú ìwé rẹ̀ ní kíláàsì. Àwọn yòókù to orúkọ àwọn ọ̀gá láti àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, gbogbo ẹ̀ bákan náà. Tirẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ni. Táì Kúkúrú ní kó tún un kà.

Àwọn ọmọbìnrin méjì nínú kíláàsì bá a wá wo bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn ilé-ìwé. Wọ́n sáré, wọ́n fò, wọ́n ní ibo ni ológbò sùn sí. Ariwo kún ilé. Mo po tíì fún wọn, mo sì fi mílíìkì sí i láì wọn ọ́n. Mo rí eyín Ẹyọ, gbogbo ẹ̀.

Aago mẹ́rin, wọ́n gbé báàgì. Ọ̀kan nínú wọn, èyí tó sanra díẹ̀, sọ pé: “Wá sílé wa ní Sátidé. Màmá mi máa ṣe kéèkì fún ọjọ́ ìbí bọ̀dá mi.”

Ẹyọ wò mí.

Òfin ilé ni pé ọmọ bọ́dìn ò gbọ́dọ̀ jáde àyàfi pẹ̀lú òbí rẹ̀, tàbí kí àwọn ọmọ bọ́dìn méjì mìíràn bá a lọ. Ọmọ méjì mìíràn. Mo ti di òfin náà mú fún ọdún mọ́kàndínlógún, ẹnu mi sì sọ ọ́ jáde fúnra rẹ̀. Ẹyọ ní, “Ẹ ṣeun, mà.” Mi ò mọ ohun tó ń dúpẹ́ fún.

Lálẹ́, mo pe kẹsàn-án. Ó dáhùn tirẹ̀. Mo pe kẹwàá. Kò sí ohùn kankan.

Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ bí mo ṣe ń ṣe ti ohun gbogbo. Bí ó bá dúró, èmi ní yàrá, mo ní owó oṣù, mo ní ẹni tí màá se oúnjẹ fún. Òun ńkọ́? Mo wá ohun tí màá kọ sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Mi ò rí i.

Mo pe bàbá rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń pariwo. Mo ní kó wá, kò sí aburú, kó ṣáà wá. Ó ní Àìkú.

Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù kẹta

Ó dé. Ó jókòó sí àtẹ̀gùn yàrá mi, fìlà rẹ̀ wà lórí orúnkún. Eruku ọ̀nà wà nínú ìpéǹpéjú rẹ̀. Ẹyọ wà nídìí omi.

Mo ti tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún ara mi tẹ́lẹ̀ kó má bàa wọ́. Mo ní kò yẹ kí ọmọ kan máa dá sùn láàárín bẹ́ẹ̀dì mọ́kànlélógójì tó ṣófo. Mo ní kó mú un lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀, kó má dúró de òpin táàmù. Mo ní ohun tí mo sọ fún àǹtí rẹ̀ lọ́jọ́sí, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ó ń yí fìlà po.

“Mátírọ́ọ̀nù, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún un lórí fóònù Baba Géètì. Òun ló kọ̀. Ó ní òun gbọ́ nígbà tí ẹ ń bá àbúrò yín sọ̀rọ̀. Ó ní bí òun bá lọ, wọ́n á ti ilé, ẹ ò sì níbi tẹ́ ẹ máa lọ. Ó ní kí n ṣì fi òun sílẹ̀ títí ẹ ó fi ríbì kan.”

Mo dìde, mo yára wọ kíṣìnì bí ẹni pé nǹkan ń jóná. Kò sí nǹkan lórí iná.

Mo ti rò pé èmi ni mo dì í mú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta

Mo sọ ọ́ nígbà tó ń ṣa ẹ̀wà, kí ojú wa má bàa ṣe mẹ́rin. Mo ní àbúrò mi ti pè. Mo ní ìyá ìyàwó rẹ̀ ti padà sílé tirẹ̀, yàrá ti ṣófo, ó ń bọ̀ wá fi ọkọ̀ gbé mi ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mi ò mọ̀ pé irọ́ lè rọ̀ mí lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀. Ó bi mí bóyá yàrá náà ní fèrèsé. Mo ní méjì. Kí ló kọjú sí? Igi ńlá kan, mo ní, tó ní ìbòòji. Àwọn ọmọ àbúrò yín ńkọ́? Mo ní wọ́n jẹ́ mẹ́ta, èyí tó kéré jù máa ń sùn sí èèyàn lẹ́sẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo ń rí i. Ó dùn mí nígbà tí a parí.

Ó mí kanlẹ̀. “Ó dáa bẹ́ẹ̀, mà.” Ó ṣa ẹ̀wà díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, bí ẹni pé ó ti pẹ́ tó ti ń fi ẹnu pa á mọ́: “Àǹtí mi ní ẹ̀rọ ìránṣọ méjì. Ó ní òun máa kọ́ mi.”

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Ó bi mí bóyá àbúrò mi máa ń hanrun. Mo ní díẹ̀díẹ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ó ti lọ.

Àǹtí rẹ̀ mú ọmọbìnrin tirẹ̀ wá láti bá a gbé ẹrù. Mo fún Ẹyọ ní ọṣẹ tó kù. Ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó dá ìdajì padà. Ó ní màá nílò rẹ̀ nílé àbúrò mi. Ó kúnlẹ̀. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbá ọmọ mọ́ra dáadáa, gbogbo ọdún yẹn, mi ò gbá ọ̀kan mọ́ra kí ìyókù má bàa sọ pé mò ń ṣe ojúsàájú. Mo fọwọ́ kàn án léjìká. Mo tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe, kò sì wọ́ tẹ́lẹ̀.

Kí wọ́n tó dé géètì, ọmọ àǹtí rẹ̀ ti gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Ó wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo rí yàrá kan lẹ́yìn ilé ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù. Ilẹ̀ rẹ̀ dán, kò ní fèrèsé. Ohun tí mo ti fi pamọ́ á san án fún oṣù mẹ́jọ. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ ò ní jáde àfi tí oṣù bá parí. Ìyàwó Baba Géètì ní kí n wá máa sùn sí kíṣìnì òun títí di ìgbà náà. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ fún ọmọ kankan nílé-ìwé. Wọn ò bi mí pé ọmọ wo.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo gbá yàrá ńlá. Mi ò rí ìdọ̀tí kó.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo ń kọ èyí lórí àpótí mi lẹ́bàá géètì. Ìwé wà lórí itan.

Bí mo ṣe ṣètò rẹ̀ ni pé kí n ti kúrò kí ọ̀sán tó pọ́n, nígbà tí gbogbo ọmọ ṣì wà ní kíláàsì. Aago mẹ́sàn-án ni àwọn tó máa gba kọ́kọ́rọ́ ní àwọn máa dé. Ọkọ̀ wọn bàjẹ́ lọ́nà. Aago kan kọjá kí wọ́n tó wọlé, wọ́n tún ní kí n dúró kí àwọn ka gbogbo rẹ̀. Mo dúró. Mo fọwọ́ sí i. Bí mo ṣe gbé àpótí dé géètì, aago ìparí lù.

Gbogbo wọn tú jáde. Mo kọjú sí ògiri bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú báàgì. Wọ́n kọjá lọ, wọ́n kọjá lọ. Mo rò pé ó ti parí. Mo gbọ́ “Ẹ káàsán, mà” lẹ́yìn mi.

Aṣọ Ẹyọ mọ́. Wọ́n ti rán ìṣẹ́tí aṣọ náà tó ń tú sílẹ̀ padà, ọwọ́ aránṣọ. Ó ti sanra díẹ̀, láàárín ọjọ́ márùn-ún. Ó wo ẹrù mi, ó wo títì. Ó ní òun mọ̀ pé Ọjọ́bọ̀ ni, ìdí nìyẹn tí òun fi ní kí ọmọ àǹtí òun máa lọ ní tirẹ̀. Òun fẹ́ kí àbúrò mi.

Mo ní kò tíì dé. Mo ní ọ̀nà ò dáa. Mo ní kó máa lọ, kí àǹtí rẹ̀ má máa wá a.

“Mo ti sọ fún wọn, mà. Màá bá yín dúró dè é.”

Baba Géètì wò wá, ó wọ ilé rẹ̀ lọ.

Ó jókòó ti àpótí mi, ó yọ ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Lẹ́yìn díẹ̀ ó bi mí irú ọkọ̀ tó jẹ́. Èyí tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni mo sọ. Mo ní aláwọ̀ búlúù.

Ọkọ̀ búlúù mẹ́ta ti kọjá. Kò gbórí sókè wo ọ̀kankan. Ó kàn ń sún mọ́ mi díẹ̀díẹ̀ nígbàkígbà tí ọ̀kan bá kọjá, títí apá rẹ̀ fi kan apá mi, ó sì ń kọ̀wé lọ.